Báàgì Tí Àbúrò Mi Gbé Wọ Yunifásítì Ìbàdàn

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin rí àyè wọ Yunifásítì Ìbàdàn láti kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́místrì, ohun àkọ́kọ́ tó fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù ni àwòrán báàgì kan. Báàgì náà pupa, irin aláwọ̀ wúrà wà lára rẹ̀, okùn rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà. Ó kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, èyí ni mo fẹ́." Mo rẹ́rìn-ín, nítorí pé irú rẹ̀ gan-an ni èmi náà rà lọ́dún tí mo wọlé.

Agbowó ni mo ń gbé lọ́dún náà, ní òdìkejì títì tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ńlá yunifásítì, mo sì sábà máa ń fi ẹsẹ̀ rìn wọ inú ọgbà kí n lè fi owó ọkọ̀ pamọ́. Báàgì mi rẹwà débi pé àwọn ọ̀rẹ́ mi ń béèrè ibi tí mo ti rà á. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, bí òjò ṣe ń ṣú bọ̀ tí mo sì ń sáré, okùn kan já níbi tí wọ́n ti rán an mọ́ ara báàgì, gbogbo ẹrù fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, síìpù tí mo ti fi tipátipá pa dé láàárọ̀ là sílẹ̀, ìwé mi mẹ́ta sì já sínú omi gọ́tà. Bíírò olómi, irú èyí tó máa ń dán lórí ìwé, ni mo fi kọ wọ́n. Kí n tó ṣà wọ́n tán, tàdáwà ti ń ṣàn kúrò lójú ìwé, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sì bá a lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ojú ló ń ra báàgì, ẹ̀yìn ló ń san owó rẹ̀.

Nítorí náà, mo sọ fún àbúrò mi pé a kò ní wo báàgì kankan títí a ó fi mọ ẹrù tí yóò máa gbé. Kò tíì ní àtẹ àkókò kíláàsì, ṣùgbọ́n èmi náà ti ṣe sáyẹ́ǹsì, mo sì mọ bí ọjọ́ tó wúwo jù lọ ṣe máa ń rí: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ méjì tàbí mẹ́ta láàárọ̀, iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò lọ́sàn-án tí ó lè gba wákàtí mẹ́ta, lẹ́yìn náà ilé-ìkàwé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. A tẹ́ ẹní sílẹ̀ ní pálọ̀, a sì kó gbogbo ohun tí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń béèrè lé e lórí: kọ̀ǹpútà alágbèéká àti ṣájà rẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́rin, kóòtù funfun ti yàrá àyẹ̀wò, ẹ̀rọ ìṣirò, ìgò omi, agbòjò, páwà báǹkì, àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́. Mo kó wọn sínú àpò ìrẹsì tó ṣófo, mo gbé e mọ́ra, mo sì gun orí òṣùwọ̀n tí màmá wa fi ń wo bí ara rẹ̀ ṣe tẹ̀wọ̀n tó. Lẹ́yìn tí mo yọ ìwọ̀n ara mi kúrò, ó lé díẹ̀ ní kílò 6. Àbúrò mi wo àwòrán báàgì pupa yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sì tún sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.

A kọ́kọ́ dín ẹrù náà kù. Omi kò ṣeé dín, nítorí pé lítà 1 jẹ́ kílò 1, òùngbẹ oòrùn Ìbàdàn kì í sì í ṣe ohun tí a fi ń ṣeré. Ìwé ni ó gba ìjíròrò jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka ìwé sí ẹrù, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdì ìwé A4 tó wọ́pọ̀, èyí tó ní ewé 500, wúwo tó kílò 2 ààbọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń kó gbogbo fọ́tòkọ́pì sáà kan kiri lójoojúmọ́ kò yàtọ̀ sí ẹni tó gbé òkúta sínú báàgì. Ohun tí mo ní kí ó ṣe ni pé kí ó ra fáìlì kan tó nípọn tí yóò máa wà nílé, àti èkejì tó fúyẹ́ tí yóò máa bá a jáde. Kí ó máa kó ohun tó bá kọ lọ́sẹ̀ náà sínú ti ilé ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Fún kẹ́místrì àti ìṣirò, mo fara mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn líle fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ibi tí ìṣirò bá ti bẹ̀rẹ̀ ni a ti máa ń padà lọ wò ó, ìwé tó bá sì wà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan máa ń sọnù láàárín.

Dùgbẹ̀ ni a lọ, a sì kó ẹrù náà dání nínú àpò ìrẹsì wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta báàgì òkìríkà wò wá láti òkè délẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ rìnrìn-àjò ni?" Mo ní kí ó má bínú, pé gbogbo báàgì tí a bá mú ni a ó kó ẹrù yìí sí wò. Báàgì tuntun wà ní ìsọ̀ tó tẹ̀ lé tirẹ̀, wọ́n ń dán gbinrin, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn òkìríkà fún irú iṣẹ́ yìí, nítorí pé báàgì tí ẹlòmíràn ti gbé fún ọdún méjì tí okùn rẹ̀ kò já ti ṣe ìdánwò kó tó dé ọjà. Ewu tirẹ̀ wà níbòmíràn. Yí inú rẹ̀ síta kí o fi ọwọ́ pa á: bí ohun tí wọ́n fi kun ibẹ̀ kí omi má baà wọlé bá ti ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ tàbí tó ń bó bí èèpo, fi í sílẹ̀. Tẹ fóòmù inú okùn èjìká pẹ̀lú, nítorí pé èyí tó bá ti gbó máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí gààrí.

Báàgì mẹ́ta ni a dá padà. Ọ̀kan kéré ju kọ̀ǹpútà lọ, bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà tilẹ̀ ń búra pé ó gba íǹṣì 15. Íǹṣì tí wọ́n ń pè yẹn, láti igun kan sí igun kejì ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe gbogbo ara rẹ̀. Kọ̀ǹpútà íǹṣì 15.6 sábà máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 36, nítorí náà ẹ gbé e dání lọ sọ́jà. Èkejì dára, ṣùgbọ́n síìpù rẹ̀ ń là lẹ́yìn tí orí rẹ̀ bá ti kọjá. Ẹ̀kẹta kò ní ìdí tó nípọn, ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà yóò máa kan ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá gbé e kalẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni a mú: aláwọ̀ eérú, okùn rẹ̀ fẹ̀ ju ìka mẹ́ta lọ, àpò kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ kò sì kanlẹ̀ dé ìdí. Ó pe ₦15,000, mo san ₦9,500. Àbúrò mi kò fẹ́ràn àwọ̀ rẹ̀, kò sì fi pa mọ́ fún mi.

Kí a tó fọ̀ ọ́, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń rán bàtà ní àdúgbò wa, mo sì ní kí ó fi òwú bàtà rán ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí okùn ti pàdé ara báàgì, ní ìlà méjì méjì. Mo fi àbẹ́là pa eyín síìpù kí ó lè máa yọ̀. Omi ọṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni a fi fọ̀ ọ́, a sì sá a síbi tí oòrùn kò ti ní pa á lára.

Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ kò gba àsìkò. Bíírò lásán aláwọ̀ búlúù àti dúdú, kì í ṣe olómi, ẹ ti mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀rá ńlá méjì: ọ̀kan fún kóòtù yàrá àyẹ̀wò, kí ohun tó bá ta sí i lára má baà kan ìwé, èkejì fún agbòjò tó tutù. Páwà báǹkì 10,000 mAh (bí iná tó lè gbà sínú ṣe pọ̀ tó) tó fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè kún fóònù oní-5,000 mAh ní ẹ̀ẹ̀mejì pérépéré, torí pé iná kan máa ń ṣòfò lọ́nà. Páàdì nǹkan oṣù méjì nínú àpò kékeré ẹ̀gbẹ́, nígbà gbogbo. Mo tún ra àpò pẹlẹbẹ kan fún un fún fóònù, owó àti káàdì ìdánimọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé ni wọ́n ti ń ní kí ènìyàn fi báàgì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tí kò bá sì ní àpò bẹ́ẹ̀ yóò máa kó ohun iyebíye rẹ̀ lọ́wọ́ kiri bí ẹni tó ń ta wọ́n.

Mo lọ kí i ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí ó wọlé. Ìránsọ bàbá oníbàtà ṣì dúró digbí. Ó ti yọ ìwé àkọsílẹ̀ kan kúrò, ó fi abọ́ oúnjẹ rọ́pò rẹ̀, èyí tí èmi kò rò mọ́ ẹrù rárá. Ó tún fi ibi tí mo ti kùnà hàn mí: àpò ẹ̀gbẹ́ báàgì náà kò jìn tó, agbòjò máa ń yọ bọ́ nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti fi rọ́bà ìdirun rẹ̀ méjì so ó mọ́ okùn. Ọ̀kan nínú wọn pupa.