Ilé Bàbá tí wọ́n ní kí n lọ rẹ́

Iṣẹ́ P.O.P ni mo ń ṣe l'Ékòó. Àwọn àjà ilé tó funfun báláú yẹn, tí iná kéékèèké ń yọjú nínú wọn, iṣẹ́ ọwọ́ wa ni. Ìdí nìyẹn tí ìyá mi fi pè mí lóṣù tó kọjá pé kí n lọ wo ilé bàbá wọn tó wà lábà. "Bá wa rẹ́ ẹ, kí o sì kùn ún, kó yéé dójú tì wá." Àbúrò wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbejì, ló ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Iṣẹ́ ọnà ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó yẹ kí n ti fura.

Mo wọ mọ́tò n'Ílé-Ifẹ̀, ọ̀nà Oǹdó, mo sọ̀ ní Ìfẹ́tẹ̀dó, ọ̀kadà wá gbé mi gba àárín oko kòkó lọ. Ilé amọ̀ ni, yàrá mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ láàárín, páànù orí rẹ̀ ti pọ́n bí epo.

Mo ti fa tépù yọ kí n tó wọlé. Ilẹ̀ àgbàlá ló dá mi dúró. Gbogbo rẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn dé ìdí ààrò, àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ ẹ. Wọn ò dùbúlẹ̀ bíi táìsì o. Ńṣe ni wọ́n ri wọ́n mọ́ amọ̀ lóòró, etí wọn nìkan ló hàn sókè, wọ́n tò bí imọ̀ ọ̀pẹ, ìlà kan dà sọ́tùn-ún, èyí tó tẹ̀ lé e dà sósì. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi rìn ín. Ó tutù, kò sì gún mi.

"Àjàní, ṣé o ò gbọ́ ìtàn Ọọ̀ni Lúwòó rí ni?" ni Ìyá Ìbejì bi mí.

Mo gbọ́ ọ rí, mi ò kàn ronú kàn án ni. Ìtàn ilẹ̀ Ifẹ̀ sọ pé obìnrin ni Ọọ̀ni yìí, pé ẹrẹ̀ máa ń ba aṣọ rẹ̀ jẹ́ bó bá jáde, ló bá pàṣẹ pé kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ gbogbo ojú ọ̀nà. Títí dòní, ẹni tó bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé n'Ífẹ̀ lè kàn án. Àwọn awalẹ̀pìtàn gbà pé púpọ̀ nínú wọn ti wà nílẹ̀ ṣáájú ọdún 1400. Ọ̀dọ̀ àwọn amọ̀kòkò ni Ìyá Ìbejì ti lọ ń ra ìkòkò tó fọ́ nínú iná, ẹ̀ẹ̀rùn méjì gbáko ni wọ́n fi rì wọ́n mọ́lẹ̀, àwọn àti ọmọ aládùúgbò kan. Mo gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì mi lé e, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kò tẹ́ o, ó dà sápá ibí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. "Omi òjò ńkọ́? Kó sùn síbẹ̀?" Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n darí omi lọ. Mo ká lẹ́fẹ́ẹ̀lì mi padà sínú àpò.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn fọ́tò àtijọ́ ṣì wà lókè nítòsí àjà, wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni tó ń wo àlejò. Alimọnáákì ẹgbẹ́ lóríṣiríṣi ni Bàbá lẹ̀ mọ́ra wọn. Ìyá Ìbejì ò ya ọ̀kankan. Igbá ni wọ́n fi bo gílóòbù. Wọ́n fi ìṣó dá a lu kéékèèké, nígbà tí wọ́n tan iná sólà, ògiri kún fún ìràwọ̀. Ìyẹn wọ̀ mí lójú, mo máa jí i lò fún oníbàárà. Gálọ̀nù oògùn kòkó àtijọ́ ni wọ́n gbin òdòdó sí lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kí ló dé tí wọn ò gbin ewédú sí i. "Májèlé ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣé o fẹ́ sin mí ni?"

Ohun kan wà tí mi ò fara mọ́. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ìyá ìyá mi, Ìbàdàndùn, tó ní àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó lára, ni wọ́n gé ṣe kọ́tìnì. Mo pariwo. Wọ́n ní ikán ti bá wọn gé e kí sísọ́ọ̀sì àwọn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, ó ṣì ń dùn mí.

Ọ̀kan wà lára ògiri ìta tí birikílà kan ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ nígbà kan. Ó ti ń ṣí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ògiri amọ̀ máa ń mí: ó ń mu omi lójò, ó ń tú u lẹ́ẹ̀rùn. Bí sìmẹ́ǹtì bá dí i lẹ́nu, omi á há sáàárín. Èmi tí mo sì mọ èyí, sìmẹ́ǹtì náà ni mo kọ sínú ìwé ìṣirò tí mo mú wá.

Yàrá Bàbá ni wọ́n mú mi wọ̀ gbẹ̀yìn. Ẹfun ni wọ́n fi kun gbogbo ògiri, àfi apá kan tí wọ́n fi férémù fèrèsé àtijọ́ yí ká. Èédú ni Bàbá fi fa ìlà síbẹ̀, nítorí wọn ò kàwé. Ìlà kan, àpò kòkó kan. Bó bá pé 16, wọ́n á fa ọ̀kan gbọọrọ kọjá lára wọn: tọ́ọ̀nù kan. Òbìrípo ni àwọn àpò tí èjẹ́ńtì kan gbé láwìn, tí kò padà wá sanwó. Mo ka 23. Bọ́ọ̀dù kòkó ti ìjọba ló ń ra kòkó nígbà náà, títí ìjọba fi tú u ká lọ́dún 1986, ṣùgbọ́n ọwọ́ èjẹ́ńtì lowó ń gbà dé abà.

Àwọn ìlà àkọ́kọ́ ga dé èjìká mi. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni wọ́n ń rẹlẹ̀, èyí tó kẹ́yìn kò ju orúnkún lọ.

"Orí àpótí ni wọ́n ti ń fà á nígbà yẹn," ni Ìyá Ìbejì wí.

Mo pe ìyá mi lórí fídíò, mo gbé fóònù sí ògiri náà. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Owó ilé-ìwé mi wà nínú òbìrípo wọ̀nyẹn." Nígbà tó yá: "Má rẹ́ ibẹ̀ yẹn o." Lẹ́yìn náà: "Ṣùgbọ́n kun iwájú ilé."

Òjò dé lálẹ́, ariwo páànù ò jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Ó ń jò láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, sínú gáráwá tí wọ́n ya ẹja aláwọ̀ búlúù yí ká. Lọ́jọ́ kejì, mo họ gbogbo sìmẹ́ǹtì yẹn kúrò, mo po amọ̀ dí ojú rẹ̀, mo sì pààrọ̀ páànù méjì. Kò jò mọ́. Mo fẹ́ gbé gáráwá náà jáde, Ìyá Ìbejì ní kí n fi í sílẹ̀ níbi tó wà.