Ohun tó bá wọlé náà ló ń jáde: ohun tí ojú mi rí lórí tiransifọ́má amplifier

Ẹ̀yin tí ẹ ní amplifier nílé, tí sípíkà yín ń kùn "hùùù" bí ẹni pé oyin há sínú rẹ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí mi níbí ní Ìkéré-Èkìtì, inú sì ṣì ń bí mi.

Bàbá mi ló fi amplifier náà sílẹ̀ fún mi. Ará Japan ni, irin ni gbogbo ara rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń gbọ́ jùjú lọ́jọ́ Àìkú kí wọ́n tó di olóògbé. Kò ní àbùkù kankan àfi kíkùn yẹn. Rẹ́wáyà wa ní kí n gé ẹsẹ̀ earth, ìyẹn èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, kúrò lára púlọ́ọ̀gì. Mo kọ̀. Ẹ jẹ́ kí n yáa sọ èyí kí n tó gbàgbé: ẹ má gé earth o. Bí wáyà iná bá já sára irin amplifier nínú lọ́hùn-ún, ara ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ni iná máa gbà kọjá. Ilẹ̀ Ìkéré tó jẹ́ kìkì àpáta yìí, ó ti nira tó láti ri irin earth wọlẹ̀, ká má wá fọwọ́ ara wa gé ìwọ̀nba tó wà.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Adó ló wá sọ fún mi nípa isolation transformer, tiransifọ́má tó ń ya iná amplifier sọ́tọ̀ kúrò lára wáyà iná ilé. Mo ra 2000VA; VA yẹn ni ìwọ̀n iná tó lè gbé. Ó wúwo tó ìdajì àpò sìmẹ́ńtì, èmi àti àbúrò mi la jọ gbé e wọlé. Bí mo ṣe tan amplifier lálẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́. Mo ń gbọ́ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń họ ara àwo kí orin tó bẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ ni orí mi ti wú. Mo ní stabilizer àtijọ́ kan tó máa ń ta "kẹ́, kẹ́" nígbàkígbà tí iná bá ń lọ sókè sódò. Mo yọ ọ́ dànù. Ẹni tó tajà fún mi ní tiransifọ́má náà ń fọ iná mọ́, èmi sì rò pé ohun tó bá lè fọ iná, ó lè ká a lápá kò náà.

Ọjọ́ Àìkú ni. Òjò ti ń rọ̀ láti ọ̀sán, atẹ́gùn ń fẹ́ kíkankíkan, iná ti lọ. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gún iyán tán, a jókòó tì í, ni iná dé. Gílóòbù pálọ̀ funfun bí ọ̀sán gangan. Fáànù ń yí bí ẹni fẹ́ fò. Tiransifọ́má tí kì í sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bú bí ajá tó rí àlejò. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Tóyìn, kí ló ń dún báyẹn?" Ẹ gbọ́, mo mọ̀ pé iná yẹn ti pọ̀ jù. Ojú mi rí i. Ṣùgbọ́n mo tún fa òkèlè kan, torí mo ní lọ́kàn mi pé tiransifọ́má wà níbẹ̀.

Òkèlè yẹn ni mi ò lè dárí rẹ̀ ji ara mi. Bí mo bá dìde nígbà náà ni, bóyá. Ó dún "pàà!" lẹ́ẹ̀kan. Èéfín funfun yọ láti ojú ihò orí amplifier, ó ń rùn bí ẹja àti rọ́bà tí wọ́n jọ sun pọ̀. Mo sáré lọ fa púlọ́ọ̀gì, ìyàwó mi pariwo pé ọwọ́ mi tutù fún ọbẹ̀, mo bá fi ìgbọ̀nwọ́ ti switch ara ògiri. Mo dúró síbẹ̀, ọbẹ̀ ń kán sílẹ̀ ní ọwọ́ mi, mo ń wo ẹrù bàbá mi tó ń rú èéfín.

Aládùúgbò mi gbé mítà wá. Fọ́ltì 352. 230 ló yẹ kó jẹ́. Neutral, wáyà tí iná ń gbà padà, ló ti já lórí òpó. Fésì mẹ́ta, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná wá, ló ń bọ̀ lórí òpó, neutral kan ṣoṣo ni gbogbo wa jọ ń pín. Láàárín fésì kan sí èkejì, nǹkan bíi 400 sí 415 ni. Tí neutral bá já, ilé tèmi àti ilé ẹlòmíràn á wá jọ máa fa gbogbo fọ́ltì yẹn láàárín ara wọn, ilé tí kò tan nǹkan púpọ̀ ló sì máa jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kí ni mo tàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Gílóòbù, fáànù àti amplifier nìkan.

Tiransifọ́má ńkọ́? Ó ṣe iṣẹ́ ẹ̀ yanjú. Wáyà méjì tí wọ́n wé mọ́ irin kan ni, tí wọn ò kan ara wọn rárá. Agbára òòfà ló ń gbé iná láti ọ̀kan sí èkejì. Ìdí nìyẹn tí díẹ̀ lára ariwo tó ń bá wáyà iná rìn fi máa ń dúró sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n iye ìgbà tí wọ́n wé ti àkọ́kọ́ náà ni wọ́n wé ìkejì. 230 wọlé, 230 jáde. 352 wọlé, 352 jáde. Ìránṣẹ́ tí kì í bù kúrò, tí kì í sì í bù mọ́ ọn.

Àwọn kan ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé stabilizer mi náà kò ní gbé 352. Mo gbà. Ṣùgbọ́n bóyá òun ni ì bá kọ́kọ́ jó, n ò bá lọ ra òmíràn. Ta ni máa bá mi ra ti bàbá mi?

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ rà á, ó dáa, mi ò bínú sí i. Ẹ mú mítà dání. Ọ̀pọ̀ tiransifọ́má tó ń sọ 220 di 110 tí wọ́n ń tà fún wa, wáyà kan náà ló wà nínú rẹ̀, kò ya nǹkankan sọ́tọ̀. Nígbà tí ẹ kò tíì so ó mọ́ iná rárá, ẹ yí mítà sí ibi tó ti máa ń dún, ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan sí ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì tiransifọ́má, ẹ fi èkejì sí ihò tí iná ń gbà jáde, yàtọ̀ sí ti earth. Bó bá dún "píì", ẹ gbé e padà fún wọn. Ẹsẹ̀ earth sí ihò earth ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ dún. Ẹ wo iye iná tí wọ́n kọ sẹ́yìn amplifier yín pé ó ń jẹ, kí ẹ ra èyí tó tó ìlọ́po méjì rẹ̀ ó kéré tán. Ínfátà olówó pọ́ọ́kú tí ìgbì iná rẹ̀ jẹ́ onígun, tí kò yí gẹ́rẹ́, máa ń mú kí tiransifọ́má gbóná, kó sì máa kùn. Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà díìṣì lẹ́yìn dekódà tẹlifíṣọ̀n tí ẹ so mọ́ amplifier, kí ẹ gbọ́ bóyá kíkùn náà á dúró. Tèmi, ibẹ̀ gan-an ni kíkùn ọ̀hún ti ń wá. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bàjẹ́ tán ni mo mọ̀. Ẹ má bú mi.

Wọ́n ti tún amplifier ṣe ní Adó, wọ́n pààrọ̀ kapásítọ̀ àti transistor, ó ń sọ̀rọ̀. Stabilizer ti padà síwájú tiransifọ́má, mo sì fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gé iná tí fọ́ltì bá ga jù síwájú àwọn méjèèjì.

Lánàá, orin ń lọ lọ́wọ́, ẹ̀rọ kékeré yẹn gé iná. Mo gbé mítà sí i: 287. Ìyàwó mi pè láti ilé ìdáná, ó ní ṣé ó ti tún jó ni. Mo ní rárá, ó ń sinmi ni.