Ọjọ́ 52 ní Àtìmọ́lé ní Ìlú Ọba, àti Ohun tí Mo Kọ́ Níbẹ̀

Ní oṣù kìíní ọdún 2019, mo lọ fọwọ́ sí ìwé ní ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n, gẹ́gẹ́ bí mo ti ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì fún nǹkan bí ọdún méjì, wọn kò sì jẹ́ kí n jáde mọ́. Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé n óò ra búrẹ́dì bọ̀. Ọjọ́ 52 ni mo lò kí n tó padà wọlé.

Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń pè mí, pàápàá lóru, pé wọ́n ti mú ọkọ àwọn tàbí àbúrò àwọn, kí n bá àwọn wá lọ́yà. Lọ́yà ṣe pàtàkì, n kò sọ pé kò ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ọjọ́ 52 yẹn kì í ṣe àìní lọ́yà ni ó fà á. Ọ̀rọ̀ tí èmi fúnra mi sọ wà níbẹ̀, èyí tí ó yẹ kí n sọ tí n kò sọ wà níbẹ̀, ìwé tí wọ́n kọ nípa mi tí n kò fi ojú rí sì wà níbẹ̀. Nítorí ẹni tí pépà rẹ̀ kò tíì pé, tí wọn kò sì tíì mú, ni mo ṣe ń kọ èyí.

Físà akẹ́kọ̀ọ́ ni mo gbé wọlé ní 2008. A bí ọmọbìnrin wa ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹta 2010. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ń lọ pàdánù àṣẹ ìjọba láti gba akẹ́kọ̀ọ́ láti òkè òkun, físà mi parí mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì di ẹni tí ń yẹra fún ọlọ́pàá ní ojú títì. Ní ìparí 2016 ni mo gbé ọ̀rọ̀ mi lọ bá ọkùnrin kan tí gbogbo wa ní ìjọ ń pè ní lọ́yà. Ó gba £1,400, ó sì kọ àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù pé ibẹ̀ ni kí wọ́n máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí. Òfin ìlú yìí fi ọmọ tí ó bá ti gbé ibẹ̀ fún ọdún méje léraléra sí ipò ọ̀tọ̀, ọmọ mi sì ku oṣù mẹ́ta péré kí ó pé ọdún méje nígbà tí ọkùnrin yìí sáré fi ìwé ránṣẹ́. Kò béèrè ọjọ́ ìbí ọmọ náà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìmígíréṣọ̀n, kọ̀wé pé àwọn kò gbà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni lẹ́tà náà lọ. Ọjọ́ 14 ni ẹni tí ó wà nínú ìlú ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Oṣù mẹ́ta ti kọjá kí ó tó fi lẹ́tà náà hàn mí, ó sì tún fẹ́ gba £600 sí i.

N kò mọ̀ nígbà náà pé láti ìgbà òfin Immigration and Asylum Act ti 1999 ni ó ti di ẹ̀ṣẹ̀ pé kí ẹni tí kò ní àṣẹ máa fún ènìyàn ní ìmọ̀ràn ìmígíréṣọ̀n, ìbáà gba owó, ìbáà má gbà á. Orúkọ àwọn tí ó ní àṣẹ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni láti wò. OISC ni wọ́n ń pe àjọ tí ó ń ṣe àkóso wọn nígbà náà. Láti oṣù kìíní 2025 ni ó ti ń jẹ́ Immigration Advice Authority. Àwọn agbẹjọ́rò gan-an ní ìwé orúkọ tiwọn lọ́tọ̀. Ẹ yẹ orúkọ wò kí ẹ tó san kọ́bọ̀, kí ẹ sì rí i pé àdírẹ́ẹ̀sì tiyín wà lórí fọ́ọ̀mù náà. Ojú lè máa tì yín láti yẹ ẹni tí ìjọ ń bọ̀wọ̀ fún wò. Ojú ti èmi náà.

Ní àtìmọ́lé, fóònù tí ó ní kámẹ́rà tàbí íntánẹ́ẹ̀tì kì í wọlé pẹ̀lú ẹni. Wọ́n á gbà á, wọ́n á sì fún ọ ní kékeré tí a fi ń pe ènìyàn lásán. Nọ́ḿbà ìyàwó mi nìkan ni mo mọ̀ sórí. Nọ́ḿbà fáìlì mi ní Home Office, èyí tí gbogbo lọ́yà máa ń kọ́kọ́ béèrè, wà nínú fóònù tí wọ́n gbà.

Láàárín wákàtí 24 tí ènìyàn bá dé, òfin Detention Centre Rules ti 2001 ní kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, bí ẹni náà bá gbà. Obìnrin kan kọ́kọ́ bi mí bí ara mi ṣe rí. Mo ní, "A dúpẹ́." Ó bi mí bí mo bá ń sùn. Mo ní kò burú. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá mi fínra fún ọdún mẹ́rin, oògùn mi wà nílé, n kò sì tíì fojú kan oorun láti ìgbà tí wọ́n ti mú mi. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni: ẹni tí ó bá béèrè àlàáfíà ẹni, a kì í da ẹrù lé e lórí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wọ inú fáìlì ni pé n kò ní àìsàn kankan, gbólóhùn yẹn gan-an ni wọ́n sì kà sí mi létí níwájú adájọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ó lé lẹ́yìn náà. Ẹ jọ̀wọ́, níbẹ̀, "a dúpẹ́" kì í ṣe èsì. Ẹ sọ orúkọ àìsàn, orúkọ oògùn àti ohun tí ó ń gba orí yín kọjá lóru. Ìlà 35 (Rule 35) nínú òfin Detention Centre Rules yẹn ní kí dókítà kọ ìròyìn bí ó bá rí i pé àtìmọ́lé lè ba ìlera ènìyàn jẹ́, tàbí pé ẹni náà ń ro àtipa ara rẹ̀, tàbí pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti dá a lóró rí, Home Office sì gbọ́dọ̀ fèsì sí ìròyìn náà. Ní ti aláboyún, òfin 2016 kò gbà kí wọ́n dá a dúró ju wákàtí 72 lọ, àyàfi bí mínísítà bá fọwọ́ sí i, ìyẹn náà kò sì gbọdọ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Ibi tí mo ti ṣubú jù lọ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ọkùnrin kan wà ní Dagenham, ní Lọ́ńdọ̀nù, tí mo ń pè ní ẹ̀gbọ́n láti kékeré. Agboolé kan náà ni a ti wá ní Ejigbo, bàbá rẹ̀ àti bàbá mi sì jọ ṣòwò ní Kumasi, ṣùgbọ́n ìyá kan náà kò bí wa, bàbá kan náà kò sì bí wa. Òun ni ó fẹ́ ṣe onídùúró mi. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ ògbufọ̀ Yorùbá, mo ní rárá, nítorí pé mo ní dìgírì. Mo wá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì pe ẹ̀gbọ́n mi ní "brother". Òun náà, nínú lẹ́tà tí ó kọ, pe ara rẹ̀ ní "cousin". Fọ́ọ̀mù físà tí mo kọ ní 2008 sì sọ pé n kò ní ẹbí kankan ní ìlú yìí. Irọ́ kankan kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú tiwa, ṣùgbọ́n lójú ẹni tí ó ń ka fáìlì, ìtàn mẹ́ta ni.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún tí mo wà níbẹ̀ ni wọ́n gbọ́ ìbéèrè béèlì mi àkọ́kọ́ ní First-tier Tribunal, ilé ẹjọ́ tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ ìmígíréṣọ̀n, lórí fídíò. Adájọ́ náà kò ṣe mí ní ibi kankan. Ìwé tí ó wà níwájú rẹ̀ ni ó kà, ó ní òun kò mọ irú ẹni tí onídùúró yìí jẹ́ sí mi, òun kò sì lè gbà pé ó lè mú mi dúró. Lẹ́yìn náà ni mo tó mọ òfin ọjọ́ 28: bí adájọ́ bá kọ béèlì, tí ènìyàn sì tún béèrè kí ọjọ́ 28 tó pé, wọ́n á dá a nù láì gbọ́ ọ, àyàfi bí nǹkan pàtàkì kan bá ti yí padà. Ìkánjú mi ní ìgbà àkọ́kọ́ ni ó fi oṣù kan lé ọjọ́ mi. Ní ìgbà kejì, a ṣàlàyé "ẹ̀gbọ́n" sínú ìwé ẹ̀rí: ohun tí Yorùbá ń fi pè, bí a ṣe pàdé, ọdún tí a jọ gbé agboolé kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìwé owó oṣù rẹ̀ àti ìwé ilé rẹ̀ sí i, ó sì fi £500 ṣe ẹ̀jẹ́. Ẹ̀jẹ́ ni o, kò san kọ́bọ̀ ní ọjọ́ náà. Ìgbà tí mo bá sá ni wọ́n máa gbà á. Home Office ní láti fi ìwé tí ó sọ ìdí tí wọ́n fi tako béèlì ránṣẹ́, ó pẹ́ tán, ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ tí ó ṣáájú ìgbẹ́jọ́. Ní ìgbà àkọ́kọ́, n kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ìgbà kejì, mo kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta, mo sì fi bírò fa ìlà sábẹ́ ohun tí kì í ṣe òtítọ́.

Àwọn ará ilé máa ń béèrè pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n lè fi dá ènìyàn dúró. Òfin Bìrìtéènì kò dá iye ọjọ́. Láti inú ẹjọ́ ọkùnrin ará Íńdíà kan tí ó ń jẹ́ Hardial Singh, ní 1983, ni ilé ẹjọ́ ti sọ pé kìkì nítorí àtilé ènìyàn lọ ni wọ́n fi lè dá a dúró, fún àkókò tí ó bá ọgbọ́n mu, àti pé bí ó bá hàn pé wọn kò ní lè lé e láàárín àkókò bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Òfin 2023 kan ti gbé púpọ̀ nínú ìdájọ́ ohun tí ó bá ọgbọ́n mu fún mínísítà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ẹjọ́ yẹn nìkan sùn. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú ọ fún ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n sì tún un kọ ní oṣooṣù. Ẹ tọ́jú gbogbo rẹ̀.

Ní ti lọ́yà ọ̀fẹ́, ìṣẹ́jú 30 wà fún gbogbo ẹni tí ó wà ní àtìmọ́lé ní England, láì bèèrè owó tí ó ní. Ènìyàn á lọ kọ orúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣètò rẹ̀ nínú ilé náà. Ìrànlọ́wọ́ owó ìjọba ṣeé gbà fún ẹjọ́ béèlì àti fún ẹni tí ń sá àsálà, ṣùgbọ́n láti 2013 ni wọ́n ti yọ ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí ó dá lórí ẹbí kúrò nínú rẹ̀, àyàfi tí ènìyàn bá béèrè fún ìyọ̀ǹda àrà ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń pè ní "exceptional case funding". Àjọ kan tí ó ń jẹ́ Bail for Immigration Detainees máa ń ran ènìyàn lọ́wọ́ lórí béèlì lọ́fẹ̀ẹ́.

Òṣìṣẹ́ kan máa ń wá bá wa pé kí a fọwọ́ sí ìwé àtilọ fúnra wa. N kò bú ẹni tí ó bá fọwọ́ sí i. Ènìyàn mélòó kan tí a jọ wà níbẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, ara sì tù wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ẹni náà mọ ohun tí ó ń fọwọ́ sí. Ẹni tí ó bá fi owó ara rẹ̀ lọ lè béèrè físà padà lẹ́yìn ọdún kan. Bí owó ìjọba ni, ó lè jẹ́ ọdún méjì tàbí márùn-ún. Ẹni tí wọ́n bá fi ipá gbé lọ, ọdún mẹ́wàá ni. Ẹni tí ilé ẹjọ́ fi sẹ́wọ̀n oṣù 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà lábẹ́ òfin mìíràn tí ó le ju èyí lọ, èyí tí a ń pè ní "deportation" gan-an, kò sì gbọdọ̀ fi ìmọ̀ràn mi yìí ṣe tirẹ̀.

Lóru ni mo máa ń rántí bàbá mi. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbé-ìlú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Bàbá mi ti gbé Kumasi fún ọdún 22, kò sì ní ìwé kan tí ó fi hàn bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tí ì bá jẹ́rìí fún un ni ó ń di ẹrù lọ́wọ́. Ó máa ń sọ ọ́ títí ó fi kú. Mo gbọ́ ọ ní ìgbà àìmọye, síbẹ̀ mo fi gbogbo ìwé mi sí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ohun tí ó wá yanjú ọ̀rọ̀ mi gan-an ni ọmọ. Òfin sọ pé ire ìlú kò béèrè pé kí wọ́n lé òbí tí ń tọ́ ọmọ tí ó ti gbé ìlú yìí fún ọdún méje, bí kò bá bọ́gbọ́n mu pé kí ọmọ náà kúrò ní ìlú. Ní oṣù kẹwàá 2018, nínú ẹjọ́ ọmọ Nàìjíríà kan tí ilé ẹjọ́ fi lẹ́tà KO pè, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti sọ pé a kì í ka ẹ̀ṣẹ̀ òbí sí ọmọ lọ́rùn nígbà tí a bá ń wo èyí. Ọmọ mi ti lé ní ọdún mẹ́jọ nígbà tí wọ́n mú mi. Kò sí ẹni tí ó ti kọ ọ́ sí Home Office. Lẹ́tà ilé-ìwé rẹ̀, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ àti ìwé dókítà ni a fi ránṣẹ́. Ní 2020 ni wọ́n fún mi ní ìwé ìgbé-ìlú oṣù 30. Ní ọdún kan náà ni ọmọ náà pé ọdún mẹ́wàá, ọmọ tí a bí síhìn-ín tí ó sì gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ sì ní ẹ̀tọ́ láti di ọmọ ìlú. £1,012 ni a san.

Fáìlì méjì ni mo ní báyìí. Ọ̀kan wà nílé, ẹ̀dà rẹ̀ wà ní Dagenham. Bí mo bá lọ kí ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ béèrè bóyá mo mú ìwé tuntun kankan wá kí ó tó gbé omi fún mi.