Rédíò Tí Mo Ń So Mọ́ Àyà

Rédíò ọwọ́ VHF, irú èyí tí àwọn ọkọ̀ ojú omi fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí mo kọ́kọ́ rà wà nísàlẹ̀ omi Solent, láàárín ilẹ̀ England àti erékùṣù Wight. Ibi tí mo ti ń gba okùn ní èbúté ló ti yọ bọ́ lápò mi, ó sì rì bí òkúta. Wọ́n kọ IPX7 sí i lára, ìyẹn ni pé ó lè wà nínú omi tó jìn tó mítà 1 fún ìṣẹ́jú 30 láì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kí omi má wọ nǹkan lọ́tọ̀, kó léfòó lọ́tọ̀. Mi ò béèrè ìkejì.

Ohun tí mo kọ́kọ́ bi ẹni tó ta èkejì fún mi nìyẹn. Ó ju ọ̀kan sínú báàkẹ́ẹ̀tì omi. Ó léfòó, iná ara rẹ̀ sì ń tàn, ó ń kú. Ó ní GPS nínú àti bọ́tìnì pupa DSC, tí a fi ń pe ìpè pàjáwìrì láì sọ̀rọ̀. Tí o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́ díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi ibi tí o wà ránṣẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà MMSI rẹ, èyí tí wọ́n fi ń dá rédíò rẹ mọ̀. Ó wọ́n. Mo san owó rẹ̀.

Lóṣù Ògọ́ọ̀sì, èmi àti ọmọ àbúrò mi wà nítòsí Calshot, lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá ń gbà lọ sí Southampton, nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú. Bátìrì ọkọ̀ ti tán pátápátá, rédíò ńlá tí a kàn mọ́ ọkọ̀ sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Ìdákọ̀ró ò tètè di ilẹ̀ mú. Lókèèrè, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan ń bọ̀. Lójú ọ̀nà yẹn, ọkọ̀ kékeré ò gbọdọ̀ wọ inú mítà 1,000 níwájú ọkọ̀ tó gùn ju mítà 150 lọ, tàbí mítà 100 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwa ò sì lè kúrò níbi tí a wà.

"Dádì, ṣé ká pe Mọ́mì lórí fóònù?"

Ẹnì kan ṣoṣo ni fóònù ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wà nítòsí tó ń tẹ́tí sí ìkànnì 16, tí a fi ń pe ìrànlọ́wọ́ lójú omi, ló ń gbọ́ rédíò. Ọkọ̀ náà ṣì jìnnà, nítorí náà mi ò pe Mayday, tó wà fún ẹ̀mí tó wà nínú ewu lójú ẹsẹ̀. Pan-pan, tó wà fún ìṣòro kánjúkánjú tí kò tíì dé ewu ẹ̀mí, ni mo fi rédíò ọwọ́ pè, lẹ́ẹ̀mẹ́ta; mo sọ orúkọ ọkọ̀ wa, ibi tí a wà, ohun tó ṣẹlẹ̀, àti pé àwa méjì ni. Coastguard, àjọ tó ń bójú tó ìgbàlà lójú omi, dáhùn. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ọkọ̀ ìgbòkun kan tó ti gbọ́ wa yà sọ́dọ̀ wa, wọ́n sì ju okùn sí wa.

Látìgbà náà, àyà ẹ̀wù ìléfòó mi ni rédíò ń wà, kì í sí nínú àpò mọ́. Alẹ́ Jímọ̀ ni mo ń fún un níná. Wáàtì 1 tó fún èbúté tó wà nítòsí, bátìrì sì ń pẹ́ sí i. Tó bá di ibi tó jìnnà, mo ń dìde kí eríálì lè ga, nítorí gíga rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ohùn dé ọ̀nà jíjìn ju wáàtì lọ. Tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ìkànnì 65 ni mo fi ń pe àwọn olùṣọ́ etíkun ti National Coastwatch, kí n má fi ti 16 dí ẹni tó wà nínú ìṣòro lọ́wọ́.

Ọmọ náà ti ń kẹ́kọ̀ọ́ fún ìdánwò SRC, ìwé ẹ̀rí láti lo rédíò ojú omi, báyìí. Lálẹ́ àná ló ń sípẹ́lì orúkọ gbogbo ará ilé wa bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí rédíò, ọ̀rọ̀ kan fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: Alfa, Bravo, Charlie.