Kì í ṣe VACUUM ló ba dátábéèsì wa jẹ́, èmi ni

Ṣọ́ọ̀bù kan wà l'Ọ́jà Ọba, n'Akúrẹ́ níbí, tí mo ń bá wọn mójú tó kọ̀ǹpútà. Dátábéèsì SQLite ni sọ́fítíwià tí wọ́n fi ń tajà ń kọ nǹkan sí, gbogbo ọjà, gbogbo gbèsè, inú fáìlì kan ṣoṣo ló wà. Nígbà tí fáìlì yẹn fẹ́ máa lọ sí 900MB tí disk sì ti ń kún, mo ní kí n run VACUUM, àṣẹ SQLite tó ń yọ àyè tó ṣófo kúrò nínú fáìlì, kó lè fúyẹ́. Mi ò mọ̀ pé ńṣe ló máa kọ́kọ́ da gbogbo ẹ̀ kọ síbòmíì, kó tó wá dá a padà sórí ti tẹ́lẹ̀, àyè tó ń fẹ́ lè tó ìlọ́po méjì fáìlì yẹn. Ó ń ṣe é lọ́wọ́ ni wọ́n mú iná lọ.

Iná dé, mo rí fáìlì kan tó ń jẹ́ orúkọ dátábéèsì wa, àmọ́ -journal ló gbẹ̀yìn ẹ̀. Mo ṣe bí ìdọ̀tí ni, àyè ni mo sì ń wá, mo bá pa á rẹ́. Bí mo ṣe ṣí sọ́fítíwià ló kọ "database disk image is malformed", ìyẹn ni pé dátábéèsì ti bàjẹ́. Àyà mi já pàà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan fáìlì -journal yẹn. Kí SQLite tó kọ nǹkan tuntun lé ojú ìwé kan nínú dátábéèsì, ó ti kọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ pa mọ́ sínú ẹ̀. Ká ní mo kàn ṣí sọ́fítíwià ni, fúnra ẹ̀ ló máa kà á tí á dá gbogbo nǹkan padà sí bó ṣe wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni fáìlì tí -wal gbẹ̀yìn ẹ̀, ibẹ̀ ni SQLite lè kọ́kọ́ kọ nǹkan tuntun sí kó tó kó o sínú dátábéèsì, ọjà tẹ́ ẹ tà láàárọ̀ lè ṣì wà nínú ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe PostgreSQL, dátábéèsì míì, náà rí i, àwọn èèyàn ń pa pg_xlog, fódà tí irú àkọsílẹ̀ yìí wà níbẹ̀, rẹ́ pé log lásán ni, ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n yí i sí pg_wal ní version 10, lọ́dún 2017.

Backup wa ti pé ọjọ́ 11, gbogbo ohun tá a kọ lẹ́yìn ìgbà yẹn ò sí nínú ẹ̀. Màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù ò pariwo, wọ́n gbé páálí rìsíìtì sílẹ̀, wọ́n ní "Jókòó ọmọ mi, n ó máa kà á, ìwọ máa tẹ̀ ẹ́." Ọjọ́ mẹ́ta. Gbèsè tí ò ní rìsíìtì, wọ́n dijú ni kí wọ́n tó rántí.

VACUUM INTO ni mo ń lò báyìí, òun kì í kọ nǹkan lé fáìlì ti tẹ́lẹ̀: mo máa kọ́kọ́ ti sọ́fítíwià pa, kí n wá kọ ọ́ sínú fáìlì tuntun lórí disk míì, mo máa run PRAGMA integrity_check lórí ẹ̀, àṣẹ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bàjẹ́, tó bá sọ pé ok, mo máa fi rọ́pò. Sátidé tó kọjá iná tún lọ láàrin, mo pa fáìlì tuntun yẹn rẹ́, mo tún un bẹ̀rẹ̀, ohunkóhun ò ṣe èyí tí Màmá fi ń tajà.