Láti Ọwọ́ Olùwádìí Dé Orí Ibùsùn Aláìsàn

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn onímọ̀ ìlera ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà ń gba àwọn òbí nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa tẹ́ ìkókó sùn ní ìdojúbolẹ̀. Ìdí tí wọ́n fún un dùn létí: bí ọmọ bá bì, èébì kò ní há a lọ́fun. Kò sí ìkà nínú ìmọ̀ràn náà, àwọn ìyá tó tẹ̀ lé e sì ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọmọ wọn jẹ wọ́n lógún, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ́kọ́ wádìí bóyá òótọ́ ni. Nígbà tí àwọn olùwádìí kan kó gbogbo iṣẹ́ tó wà lórí ọ̀rọ̀ náà jọ, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2005, wọ́n rí i pé láti ọdún 1970 ni ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ pé ikú òjijì súnmọ́ ìkókó tó dojú bolẹ̀ ju èyí tó fẹ̀yìn lélẹ̀ lọ. Ọdún 1991 ni ìkéde tó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí àwọn òbí máa fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀, kò sì pé ọdún mélòó kan tí iye ìkókó tó ń kú lójú oorun fi dín ju ìdajì lọ. Ìṣirò àwọn olùwádìí náà ni pé, ká ní ẹnì kan ti ka ẹ̀rí yẹn pọ̀ nígbà tó yẹ, ó ṣeé ṣe kí ìkókó tó lé ní 10,000 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan má kú, àti ó kéré tán 50,000 ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti agbègbè Ọsirélíà lápapọ̀.

Mo fi ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú nítorí pé ó jẹ́ ká rí ibi tí ìwádìí ti kan òfin ìlera gan-an. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá gbọ́ ìwádìí, oògùn tuntun tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun ló ń wá sí wọn lọ́kàn. Lójú tèmi, iṣẹ́ tó tóbi jù tí ìwádìí ń ṣe fún àwọn tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ ni pé ó ń yẹ ohun tí a ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ wò, ohun tí gbogbo wa ti gbà pé ó dára, ó sì ń bi wá pé báwo la ṣe mọ̀. Ìbéèrè yẹn máa ń bí àwọn ọ̀gá nínú. Síbẹ̀, a ò gbọ́dọ̀ yé bèèrè rẹ̀.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé láé ni ti omi tí wọ́n ń fà sí ọmọdé lára nílé ìwòsàn. Bí ibà bá mú ọmọ, tí àìsàn náà sì le débi pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, tí ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì, tí ẹ̀jẹ̀ kò lọ káàkiri ara rẹ̀ bó ṣe yẹ, ìlànà tí wọ́n ń kọ́ àwọn dókítà nígbà náà ni pé kí wọ́n fa omi púpọ̀ sí i lára ní kíá. Ó bọ́gbọ́n mu, ó sì jọ pé ó ń ṣiṣẹ́, torí pé láàárín wákàtí kan, ọwọ́ ọmọ mìíràn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í móoru. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kathryn Maitland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tàǹsáníà pinnu láti dán ìlànà yìí wò ní àwọn ilé ìwòsàn tí kò ní ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí. Ọmọ 3,141 ló wọnú ìwádìí náà. Bí ẹni ṣẹ́ gègé ni wọ́n ṣe pín wọn, kí ó má bàa di pé dókítà ń yan ìtọ́jú kan fún kìkì àwọn tó rò pé wọ́n máa yè: àwọn kan gba omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn yòókù gba èyí tó ń rọra wọlé díẹ̀díẹ̀. Ìrètí àwọn olùwádìí ni pé omi púpọ̀ ni yóò gba ẹ̀mí là. Ní oṣù Kìíní ọdún 2011, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ààbò àwọn ọmọ náà ní kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró kí iye tí wọ́n fẹ́ tó pé, nítorí òdìkejì ni òǹkà ń sọ. Láàárín wákàtí 48, nǹkan bí 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba omi púpọ̀ ló kú. Nínú àwọn tó gba díẹ̀díẹ̀, 7.3 ni.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo nọ́ńbà yẹn. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ bí ọmọ mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Nọ́ọ̀sì tó dúró ti ibùsùn kan kò lè fi ojú rẹ̀ rí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, bó ti wù kí ó mọṣẹ́ tó, bó sì ti wù kó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó. Ohun tó máa rí ni pé ọmọ kan yè, òmíràn kú, ibà náà ni yóò sì dá lẹ́bi. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ títí yóò fi fẹ̀yìn tì láì mọ̀ pé nínú àwọn tó kú, àwọn kan wà tí omi yẹn ló pa wọ́n. Kò sí bí ìrírí ẹnì kan ṣe lè pọ̀ tó láti gba ipò òǹkà tí wọ́n ṣe dáadáa, ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn aláṣẹ tó ń sọ pé àwọn ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ju kí ìwádìí máa kọ́ àwọn lọ. (Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé ìwádìí yìí kò kan ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ti mú kí omi ara rẹ̀ gbẹ, omi ni ìtọ́jú irú wọn, kí ẹnikẹ́ni má sì torí ohun tí mo kọ yìí fi í dù wọ́n.)

Àjọ Ìlera Àgbáyé kò sáré yí ìlànà rẹ̀ padà. Awuyewuye pọ̀ lórí irú ọmọ tí àbájáde náà kàn, ó sì di ọdún 2016 kí ìlànà tuntun tó sọ ọ́ kedere pé ọmọ tí gbogbo àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n kà sílẹ̀ kò bá pé lára rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gba omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àti pé ẹni tí wọ́n bá pé lára rẹ̀ pàápàá, kí tirẹ̀ mọ níwọ̀n. Ọdún márùn-ún gùn lójú òbí tí ọmọ rẹ̀ wà ní wọ́ọ̀dù.

Ti sìgá tilẹ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 1950 ni Richard Doll àti Austin Bradford Hill, àwọn olùwádìí méjì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ iṣẹ́ wọn lórí bí sìgá ṣe ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró jáde. Ọdún 1964 ni ọ̀gá àgbà oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìròyìn tirẹ̀ síta. Ọdún 2005 sì ni àdéhùn àgbáyé lórí ìdènà tábà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀rí kò kéré rárá. Àwọn ilé iṣẹ́ tábà ló ń náwó láti gbin iyèméjì sọ́kàn aráyé, àwọn tó ń ṣòfin sì ń fi iyèméjì yẹn sá pamọ́.

Kò sí ohun tó sọ pé ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ gùn bẹ́ẹ̀. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà, àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì so ìwádìí RECOVERY mọ́ ìtọ́jú ojoojúmọ́ láti oṣù Kẹta ọdún 2020. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà, wọ́n kéde pé dexamethasone, oògùn àtijọ́ tí kò wọ́n, dín ikú àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, kò sì ṣe àwọn tí kò nílò afẹ́fẹ́ ọ́síjìn láǹfààní. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni ìjọba fọwọ́ sí lílò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ìlànà yára jáde kò tó, bí ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ ṣe fi hàn wá. Ó ń pa ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún obìnrin lọ́dọọdún káàkiri àgbáyé. Ní ọdún 2017, ìwádìí kan tí obìnrin 20,060 kópa nínú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè 21 fi hàn pé oògùn tranexamic acid ń dín ikú tí ìsun ẹ̀jẹ̀ ń fà kù, pàápàá bí wọ́n bá fún obìnrin náà láàárín wákàtí mẹ́ta tó bímọ. Lọ́dún yẹn náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tún ìlànà rẹ̀ kọ. Oògùn wà, ìlànà wà, àwọn ìyálọ́mọ sì ń kú síbẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ojú lásán ni agbẹ̀bí fi ń díwọ̀n ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ a máa fà sínú aṣọ, a máa ṣàn sílẹ̀, a máa dà pọ̀ mọ́ omi tó bá ọmọ wá, nígbà tí wọ́n bá sì fi máa gbà pé ó ti pọ̀ jù, ó ti pẹ́.

Ohun tí àwọn tó ṣe ìwádìí E-MOTIVE mú wá ni ọ̀rá kan tí ojú ń rí inú rẹ̀ kedere, tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ìdí obìnrin gẹ́rẹ́ tó bá ti bímọ, tí etí rẹ̀ kan sì rọ̀ wálẹ̀ bí àpò kí ẹ̀jẹ̀ lè máa kó síbẹ̀. Wọ́n fa ìlà sára àpò náà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dé ìlà 300 mílílítà, agbẹ̀bí á lajú sílẹ̀ sí i. Bó bá dé 500, ìjiyàn ti tán, iṣẹ́ yá. Wọn kì í sì í gbé ìtọ́jú kan kí wọ́n dúró wò ó kí wọ́n tó gbé òmíràn bíi ti tẹ́lẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń dà bò ó lẹ́ẹ̀kan náà: kí wọ́n fọwọ́ ra ilé ọmọ, kí wọ́n fún un ní oògùn tó ń mú ilé ọmọ sún kì, kí tranexamic acid tẹ̀ lé e, kí wọ́n fa omi sí i lára, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibì kan ya, kí wọ́n sì ké sí dókítà bí kò bá dá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Arri Coomarasamy ti Yunifásítì Birmingham ló ṣáájú iṣẹ́ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Hadiza Galadanci láti Kánò sì wà lára àwọn tó darí rẹ̀. Ilé ìwòsàn 80 ní Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà àti Tàǹsáníà ni wọ́n ti ṣe é, pẹ̀lú obìnrin tó lé ní 200,000. Àbájáde rẹ̀ jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Ní àwọn ilé ìwòsàn tó lo ọ̀rá yìí, wọ́n tètè mọ 93 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń sun. Ní àwọn yòókù, 51 péré ni. Iye àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn dà kọjá lítà kan, tàbí tí wọ́n ní láti ṣí ikùn wọn, tàbí tí ìsun ẹ̀jẹ̀ pa, jẹ́ 1.6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọ̀ tiwọn, ó sì jẹ́ 4.3 lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá ọdún yẹn, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ ọ́ sínú ìlànà pé kí wọ́n máa fi nǹkan wọn ẹ̀jẹ̀ gbogbo obìnrin tó bá bímọ láìsí iṣẹ́ abẹ.

Inú mi dùn sí iṣẹ́ yìí ju èyí tí mo lè sọ lọ, torí pé àárín àwọn agbẹ̀bí tó ń rí ìṣòro náà lójoojúmọ́ ni wọ́n ti dán an wò, kò sì sí mínísítà tó lè sọ pé ibi tí nǹkan rọrùn ni wọ́n ti ṣe é.

Ìwádìí kò lè dá ṣòfin. Ó lè sọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, ṣùgbọ́n ta ni a máa kọ́kọ́ fún, kí la máa yọ kúrò nínú ìṣúná kí owó rẹ̀ lè jáde, ọ̀rọ̀ ará ìlú àti aṣojú wọn nìyẹn, ó sì yẹ kí wọ́n sọ ọ́ ní gbangba. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí gbogbo ìlànà ìlera máa kọ ẹ̀rí tó gbára lé sínú ara rẹ̀, kí ó kọ bí ẹ̀rí náà ṣe lágbára tó, kí ó sì dá ọjọ́ tí wọn yóò tún un yẹ̀ wò. Bí ìjọba kan bá gba ìlànà ọ̀rá yìí wọlé, kí ó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ yàrá ìgbẹ̀bí iye mílílítà tí obìnrin kọ̀ọ̀kan sọnù, wákàtí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, àti oògùn tí kò sí nílé lọ́jọ́ náà; kí ẹ̀ka ìlera sì máa gba àkọsílẹ̀ yẹn lóṣooṣù, kí wọ́n kà á, kí wọ́n fi èsì ránṣẹ́ sí àwọn agbẹ̀bí tó kọ ọ́.