Aago mẹ́wàá Jámánì, aago mẹ́wàá Ìbàdàn

Ẹ̀yin àbúrò mi, lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni mẹ́ta nínú yín fi lẹ́tà hàn mí. Yunifásítì kan lókè òkun fẹ́ bá yín ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí omi mímọ́, ìkẹfà nínú àfojúsùn 17 tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2015, tí wọ́n fi 2030 ṣe gbèdéke. Inú mi dùn. Mo wá bi yín pé orúkọ ta ni yóò wà lórí iṣẹ́ náà bó bá jáde. Ńṣe lẹ ń wo ara yín lójú.

Ẹ̀kọ́ kìíní: ẹ ra dátà sílẹ̀. Ẹ mọ ìyẹn. Ìkejì: ẹ máa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà bóyá mítà ni tàbí ẹsẹ̀ bàtà, ẹni méjì ti ṣi èyí ṣe lọ́dún yìí. Ìkẹta ló dùn mí.

Nígbà tí mò ń ṣe másítà, àwa àti yunifásítì kan ní Jámánì jọ ṣe iṣẹ́ kànga. Àwa là ń fa omi kiri àwọn agboolé ní Fòkò, n'Ìbàdàn, àwọn ló ń ṣe ìṣirò. Kànga 42, oṣù mẹ́rin. A ó ki bébà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ omi, a ó dúró fún ìṣẹ́jú kan. Bí náítírétì, èròjà kan tó máa ń ti inú ìgbẹ́ àti ajílẹ̀ wọ omi, bá pọ̀, bébà á pọ́n bí ẹni fi osùn kùn ún. Mílígíráàmù 50 nínú lítà kan ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe òpin. Nílé màmá àgbà kan, tí ṣáláńgá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kànga, bébà pọ́n kí ìṣẹ́jú tó pé. Màmá tẹjú mọ́ ọn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé kí n ṣì máa mu ún?" Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, èsì ń bọ̀.

Nígbà òtútù, aago kan náà ni àwa àti Jámánì ń lò. Ní Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta, wọ́n á ti tiwọn síwájú ní wákàtí kan. Tiwa kì í yẹ̀, aago mẹ́wàá wọn á wá di mẹ́sàn-án tiwa. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ní Mọ́ńdè, mo wọlé ìpàdé wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní aago mẹ́wàá géérégé, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Wọ́n ti parí. Nírọ̀lẹ́ ni àkọsílẹ̀ ìpàdé dé: wọ́n ti pín orúkọ òǹkọ̀wé. Àwa mẹ́rin tí a fa omi wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi ìdúpẹ́. Ọ̀gá mi ní kí n dákẹ́, pé owó ṣì ń bọ̀. Mo dákẹ́. Ọdún keje rèé, ó ṣì ń ká mi lára.

Kì í ṣe wákàtí kan yẹn ló jẹ wá níyà, àdéhùn tí a kò kọ sílẹ̀ kí garawa àkọ́kọ́ tó wọ kànga ni. Ẹ má gbà kí wọ́n pè yín ní alábàáṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń tọrọ owó, kí ẹ wá di apọnmi lọ́jọ́ tí ìwé jáde.

Ìwé náà jáde lóòótọ́, àfi kéèyàn sanwó kó tó lè kà á. Mo fẹsẹ̀ ara mi padà sí Fòkò. Màmá ní àwọn ti ń se omi náà látìgbà yẹn. Síse kì í lé náítírétì lọ. Omi ló ń dín, òun á ṣẹ́ kù síbẹ̀. Ọmọ-ọmọ wọn tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta wà lẹ́yìn wọn, àwọn ọmọ ọwọ́ ni náítírétì sì ń pa lára jù.

Ìlà àkọ́kọ́ nínú àdéhùn tí mò ń fọwọ́ sí báyìí ni ọjọ́ tí èsì yóò dé ọwọ́ ẹni tó ni kànga. Ìkejì ni orúkọ wa. Ẹ wá gba ẹ̀dà kan lọ́dọ̀ mi kí ẹ tó fèsì lẹ́tà yẹn.